Ẹran Iléyá Kọ́ Ló Pa Ìyàwó Mi

Èékánná ọwọ́ òsì ìyàwó mi ni mo ń gé ní àárọ̀ ọjọ́ tí a jọ wà gbẹ̀yìn. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti wú, wọ́n ti fi báńdéèjì wé e títí dé ìgbọ̀nwọ́, kò sì lè di nǹkan mú. Ó ní èékánná náà ń ha òun lára bí òun bá sùn. Mo jókòó sí etí ibùsùn ọsibítù, mo ń gé e lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń bá mi wí pé mo ń gé e wọ ẹran.

"Bàbá Dáre, ìka ènìyàn nìyẹn o. Kì í ṣe ẹsẹ̀ adìẹ."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má bínú pé n kò kọ orúkọ mi. Orúkọ tí mo pe àwọn ènìyàn níbí kì í ṣe orúkọ wọn gan-an. Ẹrù kan wà láyà mi tí n kò sọ fún pásítọ̀ wa, tí n kò sọ fún ọmọ mi. Mo fi obìnrin kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn ènìyàn máa pè é ní apànìyàn. Mo mọ̀ pé kò pa ẹnikẹ́ni. Mo dákẹ́. Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ báyìí ni pé ìyà náà ti kúrò lórí òun nìkan, ó ti dé orí ọmọ rẹ̀.

Ẹdẹ ni à ń gbé, ní apá tó kọjú sí Alajue. Olùkọ́ bàólọ́jì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn náà ni mo kọ́ ilé adìẹ sí ẹ̀yìnkùlé. Èmi ni mò ń tọ́jú wọn, ìyàwó mi ni ó ń tà wọ́n.

Bí a ti ń sin adìẹ ní àdúgbò wa nìyí, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe èmi nìkan. Bí adìẹ kan bá sín, gbogbo wọn ni yóò mu oògùn. Bí òjò bá pa wọ́n, oògùn. Bí a bá kó wọn láti inú àgò kan sí òmíràn, oògùn. Bí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀, oògùn, kí ikú má baà mú èyí tí oníbàárà ti bẹ̀ sílẹ̀. A kì í pe dókítà ẹranko. Ẹni tó ń ta oúnjẹ adìẹ fún wa náà ló ń ta oògùn, òun náà ló ń sọ iye tí a ó bù sínú omi. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé kí a dá a dúró fún ìgbà díẹ̀ kí a tó ta ẹyin tàbí ẹran. N kò dá a dúró rí. Ẹyin ọjọ́ oògùn, a tà á. Àwa náà jẹ níbẹ̀.

Ìyàwó mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Á ní, "Bí ibà bá ń ṣe mí, ẹ ó ní kí n lọ sinmi. Ṣùgbọ́n kí àgbébọ̀ kan ṣáà sín, ẹ ó ti sáré wọ bàtà."

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé mo mọ̀. Mo ti dúró níwájú àwọn ọmọ ní kíláàsì, mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn pé bí a bá ń fi oògùn kan náà lé kòkòrò àìfojúrí ní ìgbà gbogbo, àwọn aláìlágbára inú wọn ni yóò kú. Àwọn tí oògùn kò ràn ni yóò ṣẹ́kù láti bímọ. Mo kọ ọ́ sí ojú pátákó. Mo bi wọ́n ní ìdánwò. Mo ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìlú òkèèrè.

Nígbà tó yá, oògùn tí mo mọ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Dípò kí n bi ara mi léèrè ìdí, mo bù ú kún, mo sì da òmíràn pọ̀ mọ́ ọn.

Ìyá Mọ̀ríámọ̀ ni ọ̀rẹ́ ìyàwó mi. Mùsùlùmí ni wọ́n, ìjọ Onítẹ̀bọmi ni àwa ń lọ. Ògiri kan ló là wá láàrin. Ẹ̀kọ ni ó ń sè, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló sì ti ń tà á láàárọ̀. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ wa ti kéré, bí Kérésìmesì bá dé, adìẹ yóò ti ilé wa lọ sí ilé wọn. Bí Iléyá bá dé, ẹran àgbò yóò ti ilé wọn bọ̀ sí ilé wa. Kò sí ẹni tó ń bi ẹnì kejì ní ohun tó fi sè é.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú Iléyá tí mò ń wí yìí, àwọn obìnrin méjèèjì jókòó sí ẹ̀yìnkùlé wa, wọ́n ń hú ìyẹ́ adìẹ tí àwọn oníbàárà ní kí a bá wọn pa. Àbúrò ọkọ Ìyá Mọ̀ríámọ̀ ló ti ṣe bisimilá sí wọn, tó dúḿbú wọn. Ìyàwó mi ń la ikùn ọ̀kan nígbà tí eegun tó ṣẹ́ gún un ní àtẹ́lẹwọ́. Ó wọlé jinlẹ̀ díẹ̀.

Ìyá Mọ̀ríámọ̀ ní, "Ìyá Dáre, ẹ lọ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún mi."

Ìyàwó mi ní, "Nítorí eegun adìẹ? Ṣé ọwọ́ ìyàwó tuntun ni mo ní ni?" Ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Nígbà tó yá ni mo pè é wọlé. Mo bu díẹ̀ nínú lúbúlúbú oògùn adìẹ náà, mo dà á sí ojú egbò náà, mo fi aṣọ dì í. Ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ló máa ń tú kápúsù dà sójú egbò. Mo ní ohun tó bá wo adìẹ sàn yóò wo ènìyàn sàn. Bí mo ṣe sọ fún un gan-an nìyẹn, pẹ̀lú ohùn olùkọ́. Ó gbà mí gbọ́.

Lọ́jọ́ ọdún, Ìyá Mọ̀ríámọ̀ gbé àwo ẹran dídín wá. Ìyàwó mi jẹ ẹ́, ó sì yìn ín. Èmi kò jẹ níbẹ̀ nítorí pé eyín ń dùn mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ó jẹ, n kò jẹ. Ó kú, n kò kú. Orí nǹkan kékeré yìí ni gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e dúró lé.

Kí àlejò ọdún tó tú tán, ọwọ́ náà ti pọ́n, ó ti ń gbóná. Mo ra kápúsù ní kẹ́míìsì. Ó lò ó, kò lọ sílẹ̀. Mo ra òmíràn. Nígbà tí a fi dé ọsibítù, ó ti ń gbọ̀n, ó sì ti ń pe orúkọ ìyá rẹ̀.

Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́, ara rẹ̀ kò yí padà. Wọ́n pààrọ̀ abẹ́rẹ́ náà, bákan náà ló rí. Dókítà kan wà níbẹ̀, ọmọdébìnrin tí ì bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ó gba ọyún ojú egbò náà, wọ́n gbé e lọ yẹ̀ wò. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo gé èékánná yẹn, ó wá bá mi ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ó ní kòkòrò tó wà lọ́wọ́ ìyàwó mi kò gbọ́ràn sí ọ̀pọ̀ nínú oògùn tí àwọn ní. Ó dárúkọ àwọn oògùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ń sin ẹran nílé?"

Mo ń tún aṣọ ìbora ìyàwó mi ṣe.

"Ewúrẹ́? Ẹlẹ́dẹ̀? Adìẹ?"

"Rárá," ni mo wí. "A kò sin nǹkan kan."

Ìyàwó mi ń gbọ́. Ó la ojú, ó wò mí, ó sì tún pa ojú dé. Kò sọ̀rọ̀ náà fún mi títí ó fi lọ. Ẹ ti gbọ́ ẹ̀fẹ̀ tó ṣe nípa ẹsẹ̀ adìẹ lọ́jọ́ kejì rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀fẹ̀ lásán ni. Mo ti rò ó títí, n kò mọ̀.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi purọ́. Mo fura sí dókítà náà. Mo ní ó ń wá ibi tí yóò gbé ẹ̀bi tiwọn lé. Mo ní bí mo bá ti lè jẹ́wọ́, wọn yóò ní èmi ni mo pa á. Mo tún rò ó pé wọn yóò rán àwọn ènìyàn ìjọba wá ti ilé adìẹ mi pa. Gbogbo rẹ̀ kọjá lọ́kàn mi kí ó tó mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Èyí tí kò kọjá níbẹ̀ ni pé ìdáhùn mi lè wúlò fún ẹni tó dùbúlẹ̀ níwájú mi.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo padà lọ bi dókítà ọmọdébìnrin náà, bí ẹni ń bi ọ̀rọ̀ elòmíràn, pé ká ní wọ́n mọ̀ pé aláìsàn kan ń sin ẹran ńkọ́. Ó ní òun kò lè búra. Ó ní irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ lè ti ibòmíràn wá. Ṣùgbọ́n ó ní bí àwọn bá tètè mọ̀, ó ṣeé ṣe kí àwọn fi oògùn mìíràn bẹ̀rẹ̀. Ó wá wo ojú mi, ó ní, "Ta ni aláìsàn náà, Bàbá?" Mo ní aládùúgbò wa kan ni.

Ìyá ìyàwó mi ṣì wà láyé. Òkú ọ̀fọ̀ ni. Bí òkú bá rí báyìí nílẹ̀ wa, ẹ mọ̀ pé àwọn ẹbí obìnrin kò ní ṣàì bèèrè ohun tó pa ọmọ wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló bèèrè, nínú pálọ̀ mi, níwájú gbogbo wọn.

"Àna wa, àbúrò mi kò dùbúlẹ̀ àìsàn rí. Kí ni ó jẹ gbẹ̀yìn nílé?"

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ní, "Ẹran Iléyá ló jẹ."

"Ta ló gbé e wá?"

"Ìyá Mọ̀ríámọ̀ ni."

Ó kọjú sí mi. "Ẹ̀yin náà jẹ níbẹ̀?"

Mo ní, "N kò jẹ."

Ẹnì kan ní, ọwọ́ tó wú ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n ní ibi tí egbò bá wà ni májèlé máa ń gbà yọjú. Wọ́n mi orí. Wọ́n ń wò mí kí n sọ̀rọ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, èmi ni wọn ì bá kọjú sí. N kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́. Òótọ́ ni mo sọ pé n kò jẹ. Ṣùgbọ́n mo mọ iṣẹ́ tí òótọ́ náà yóò ṣe, mo sì jẹ́ kó ṣe é.

Èyí tó burú jù ni pé èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí gbà á gbọ́. Tàbí kí n ní, mo fẹ́ gbà á gbọ́. Bí Ìyá Mọ̀ríámọ̀ bá sunkún, mo ní ẹkún náà ti pọ̀ jù. Bí kò bá sunkún, mo ní ọkàn rẹ̀ ti le. Bí ó bá wá kí mi, mo ní ó wá wò bóyá mo ti mọ̀. Bí kò bá wá, mo ní ẹ̀rí ọkàn ló dì í mọ́lẹ̀. Mo máa ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo ń tẹ́tí sí ohun tó ń bá ọkọ rẹ̀ sọ. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, n ó bi ara mi pé kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Ó rán Mọ̀ríámọ̀ sí mi lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ẹ̀kọ àti ọbẹ̀. Mo gbà á, mo dúpẹ́. Nígbà tí ọmọ náà lọ tán, mo dà á sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Adìẹ kan tó ti jáde nínú àgò wá ń ṣà á jẹ. Mo dúró, mo ń wò ó bóyá yóò kú. Mo dúró pẹ́. Kò kú. Mo ní irú májèlé náà kì í ṣe èyí tó ń pa adìẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ wo bí ìfura ti ń ṣe ènìyàn.

N kò sọ nǹkan kan fún àdúgbò. Wọ́n ṣáà rí i pé n kò ra ẹ̀kọ níbẹ̀ mọ́, wọ́n rí i pé n kì í dáhùn ìkíni rẹ̀ dáadáa. Ẹbí ìyàwó mi ń sọ èyí tó kù. Ẹ̀kọ tó máa ń tán kí oòrùn tó mú, ó wá ń gbé e padà wọlé. Ó tún ń jáde lọ́jọ́ kejì. Mo tún fura sí ìyẹn pẹ̀lú, pé ojú rẹ̀ ti dá.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn kan wá láti ìlú Ara, nítòsí wa. Ọmọkùnrin wọn fẹ́ fẹ́ Mọ̀ríámọ̀, wọ́n sì wá wádìí ìdílé, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti máa ń ṣe. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí. Wọ́n ní ẹni tí kì í ṣe ẹbí, tí kì í sì í ṣe ẹlẹ́sìn wọn, kò ní ṣègbè. Bàbá ọmọkùnrin náà ló ń sọ̀rọ̀, àgbà àgbẹ̀ kan tó wọ bùbá funfun.

"Tíṣà, a gbọ́ nǹkan nígboro, a kò sì fẹ́ fi ti ìgboro ṣe. Ẹ̀yin lẹ ni òkú. Ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń sọ nípa ìyá ọmọ yìí?"

Mo ní, "Ikú ti pa ẹni tó pa, Bàbá."

"Ìyẹn kọ́ la bi yín."

Mo ní, "Ẹ wádìí dáadáa. Ọmọ yín ni ọmọ yín."

Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ó ti yé wa. A dúpẹ́." Wọn kò kọjá sí ilé Ìyá Mọ̀ríámọ̀ lọ́jọ́ náà. Wọn kò sì padà wá.

Kò pẹ́ sí i ni àwọn adìẹ mi bẹ̀rẹ̀ sí kú, kò sì sí oògùn tó gbà. Ẹ̀rù bà mí, mo lọ pe dókítà ẹranko, èyí tí n kò ṣe rí. Ó la òkú adìẹ mélòó kan, ó mú nínú wọn lọ yẹ̀ wò. Nígbà tó padà wá, a dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé adìẹ, ó ń ṣàlàyé fún mi. Ó ní kòkòrò tó wà lára wọn ti di èyí tí oògùn kò ràn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí dárúkọ àwọn oògùn náà. Mo mọ̀ wọ́n. Bí dókítà ọmọdébìnrin yẹn ti tò wọ́n fún mi ní ọsibítù, bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin yìí ń tò wọ́n.

Ó bi mí pé, "Bàbá, ta ló máa ń bá yín pa wọ́n, tó ń hú wọn?"

Mo ní ìyàwó mi ni.

"Ẹ bá mi kìlọ̀ fún wọn. Kí wọ́n máa wọ ìbọ̀wọ́. Bí ọwọ́ wọn bá sì bó pẹ́nrẹ́n, kí wọ́n má fi kàn wọ́n rárá."

Mo ní n ó sọ fún un.

Mo mọ̀ pé adájọ́ kò ní pe èyí ní ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní bàólọ́jì. Lójú mi, kò ku ibì kan tí mo tún lè ju ìfura sí. Mo wo dókítà, mo wo Ìyá Mọ̀ríámọ̀, mo wo ẹran àgbò. Èmi nìkan ló kù tí n kò tíì wò.

Mo ti pa ilé adìẹ náà tì. Ẹ̀yin tí ẹ ra ẹyin àti ẹran lọ́wọ́ wa ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mo bẹ̀ yín. N kò sọ fún yín pé ẹ ń ra oògùn mọ́ ọn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Mọ̀ríámọ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà mi. Mo ní kó wọlé.

"Mi ò wọlé, Bàbá Dáre. Ibí tó. Ẹ ṣáà wí fún mi. Àgbò yẹn, ọkọ mi jẹ ẹ́, ọmọ mi jẹ ẹ́, èmi gan-an ni mo jẹ orí ẹ̀. Tí mo bá fẹ́ pa Ìyá Dáre, ṣé Iléyá ni n ó dúró dè? Ẹni tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń jẹ ẹ̀kọ mi!"

Mo ní, "Ta ló sọ pé o pa á?"

"Ẹni tó yẹ kó sọ pé mi ò pa á ni ò sọ̀rọ̀."

Mo tún ní kó wọlé, kò wọlé.

Ó ní, "Mọ̀ríámọ̀ ò jẹun dáadáa mọ́. Ó ní òun ń lọ bá àǹtí ẹ̀ ní Kánò, pé ibi tí wọn ò ti mọ ìyá òun lòun fẹ́ máa gbé. Ọmọ tí mo bí ló sọ bẹ́ẹ̀."

Mo ní kó máa lọ ilé. Mo ní Ọlọ́run yóò jà fún un.

Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ má gba àdúà yẹn, Bàbá Dáre. Tí Ọlọ́run bá gbọ́ ńkọ́?"

Ó yí padà, ó lọ. Títí di ìsinsìnyí, n kò mọ̀ bóyá ó ti fura sí mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí. Àwọn ará Ara yóò wà ní ilé Ìyá Mọ̀ríámọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun. Mo ti ṣèlérí pé n ó sọ gbogbo rẹ̀ níwájú wọn. Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ bá a lóun nìkan ṣáájú ọjọ́ náà, kí ó lè bú mi tẹ́rùn láìsí àlejò níbẹ̀? Tàbí kí ó gbọ́ ọ ní gbangba, níbi tí orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́? Àwọn àna mi ńkọ́? Ìyá ìyàwó mi ti darúgbó. Ó ti gbà pé ọ̀tá ló pa ọmọ òun. Ṣé kí n lọ sọ fún un pé ọkọ ọmọ rẹ̀ ló da oògùn adìẹ sí i lọ́wọ́, tó tún purọ́ fún dókítà? N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ dá mi láre. Mo bẹ̀ yín kí ẹ bá mi rò ó bí ẹ ó ti rò ó fún ẹ̀gbọ́n yín. Kí Ìyá Mọ̀ríámọ̀ àti ọmọ rẹ̀ dárí jì mí, bí wọ́n bá lè ṣe é.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kejì tí Ìyá Mọ̀ríámọ̀ wá bá mi ni mo lọ sí Ara. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ ara wa, bí ẹ̀bẹ̀ bá wà láti bẹ̀, Ìyá Dáre ló ń sọ̀rọ̀. Èmi a ṣí fìlà, n ó dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, mo bá bàbá ọmọkùnrin náà níwájú ilé rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ̀ bóyá ó jù mí lọ. Mo sọ ọ́ fún un, láti orí eegun tó gún ìyàwó mi títí dé orí ọjọ́ tí wọ́n wá sí ilé mi.

Kò dáwọ́ ẹ̀gẹ́ dúró. Ó ní, "Ta ló rán yín?"

"Kò sí ẹni tó rán mi."

"Kí ni wọ́n ṣèlérí fún yín?"

"Wọn kò mọ̀ pé mo wá."

"Ó dáa. Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ nígbà tí a wá bi yín?"

Mo ní, "Ẹ̀rù bà mí."

Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀ nígbà yẹn. Ó ní, "Ẹ̀rù ló ba àwa náà. Ẹ̀yin lẹ dá a bà wá." Ó gbọn èèpo ẹ̀gẹ́ kúrò lára aṣọ rẹ̀. "A ó wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Mi ò tíì gbà yín gbọ́ o, Tíṣà. Ojú ìyá ọmọ náà ni mo fẹ́ máa wò nígbà tí ẹ bá ń sọ ọ́."

Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀. Mo dìde, mo gbọn eruku orúnkún mi, mo jáde sí títì. Mo dá ọ̀kadà kan dúró, mo ní Ẹdẹ ni mò ń lọ. Bí mo ti gùn ún tán, ọlọ́kadà náà kò tíì gbéra. Ó ń wo ọ̀nà tí mo gbà jáde, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹnì kan ṣì ń bọ̀?"

Mo ní rárá. Mo ní èmi nìkan ni mo wá.